Ọjọ́ Tí Dókítà Harold Pe Páálí Wá fún Àyẹ̀wò

Ẹni tó bá fẹ́ rí Dókítà Harold Ọ̀ṣuntóyìn ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka oyè tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn tán. Káfíńtà tó ṣe pákó oyè náà dé ibi "Olùdarí Àgbà Pátápátá," pákó tán. Wọ́n tún wá pákó mìíràn kàn mọ́ ọn nísàlẹ̀, kí "fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ Ìgbàlódé, Àjọ Ìlera Ìgbèríko" lè ráyè jókòó. Pákó kejì yìí ló wá bo ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí àlejò tó wọlé, ó ní láti fi ọwọ́ kan gbé oyè ọ̀gá sókè, kó fi ọwọ́ kejì ṣílẹ̀kùn.

Ẹ má bi mí pé irú dókítà wo ni. Ilé ẹ̀kọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fi í joyè náà. Èmi alára wá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún títí, mi ò rí i mọ́.

Ọkùnrin náà kì í rìn bí ẹni ń rìn, ó máa ń kọjá ni. Bí ó bá sì ń kọjá, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Kúnlé á máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé kékeré àti bírò. Iṣẹ́ Kúnlé ni kó máa kọ ọgbọ́n tó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde sílẹ̀, kó sì wí pé "Ọgbọ́n ńlá!" lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan ọ̀gá sín. Kúnlé ní "Ọgbọ́n ńlá!", ó sì kọ ọjọ́ àti àkókò tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó sọ Harold di ẹni tí wọ́n ń pè sórí rédíò ni ojú-òpó ayélujára kan tí Àjọ náà ṣe fún oògùn oró ejò. Oògùn yìí ṣọ̀wọ́n, inú fíríìjì ló ń gbé, ó sì ní ọjọ́ tó máa ń bàjẹ́. Bí ejò bá bu àgbẹ̀ jẹ lóko, kò sí àyè láti máa ti ilé ìlera kan bọ́ sí òmíràn. Nọ́ọ̀sì á ṣí ojú-òpó náà, á rí èyí tó ní oògùn tó ṣì dára nínú ilé ìlera mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n á sì gbé aláìsàn lọ síbẹ̀ tààrà. Láàárín ọdún méjì, ó ti gba ènìyàn mẹ́rìnlá lọ́wọ́ ikú. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kan tó ń jẹ́ Morádéyọ̀, ọmọ Odògbólú, ló jókòó kọ ọ́. Harold kò kọ ìlà kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n "ọmọ mi" ló ń pè é. Ó tilẹ̀ ti dá ọjọ́ tí òun yóò ṣí i níwájú gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún méjì.

Lórí rédíò ni ó ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Olóòtú bi í pé ta ló bá wọn ṣe ẹ̀rọ yìí, ṣé àwọn òyìnbó ni. Ọ̀gá wú bí búrẹ́dì.

"Òyìnbó kẹ̀? Ọmọ Ìjẹ̀bú ló kọ ọ́ látòkè délẹ̀! Kò sí ọwọ́ àjèjì kankan nínú rẹ̀. Kódà àmì ìdánudúró tó wà nínú rẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí!"

"Ọgbọ́n ńlá!" ni Kúnlé wí, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ lórí afẹ́fẹ́. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí wọ́n bá sọ òwe yìí fún Harold lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn náà ni Kúnlé ìbá kọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Morádéyọ̀ gbé oyè sókè, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó sì gbé ìwé kan síwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú sà. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lórí rédíò. Nígbà tí a ń kọ ojú-òpó yìí ní èdè JavaScript, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ la fọwọ́ ara wa kọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n dì pọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Páálí ni àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè é. Méjìlá la mú."

"Méjìlá péré?" Ọkàn Harold balẹ̀. "Ìyẹn kò tó nǹkan. Méjìlá ò lè ba orúkọ ilé jẹ́."

"Ó kù síbẹ̀ sà. Páálí kọ̀ọ̀kan ní àwọn páálí tí òun náà gbára lé, àwọn yẹn náà sì ní tiwọn. Bí ìgbà tí a pe ènìyàn méjìlá wá jẹun, tí kálukú wọn wá kó ẹbí àti ará àdúgbò dání ni. Èyí tó wà nínú ilé wa báyìí jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàdínlógójì."

Kúnlé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye náà sínú ìwé rẹ̀, ó tún pa á rẹ́.

"Àlejò yẹn ò burú," Morádéyọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èyí tó ń já mi láyà ni mọ́kàndínlógún nínú wọn. Àwọn tó ṣe wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti bá tiwọn lọ. A ò pè wọ́n fúnra wa, ẹlòmíràn ló kó wọn wọlé, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò kíyè sí i. Wọ́n wà lórí ìwé wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́nikẹ́ni nídìí wọn mọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìlà méje péré. Òun ló ń ka ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Ọkùnrin tó ṣe é ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọdún márùn-ún pé òun ò ṣe mọ́, adìẹ lòun ń sìn báyìí. Bí oníjìbìtì kan bá gba ibẹ̀ lónìí tó fi ìkà sí i, inú ilé wa ló máa já sí. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá sà. Màá wá ẹni tó kó ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọlé. Èyí tó bá ṣeé pààrọ̀, màá pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tí kò bá ṣeé pààrọ̀, bí onílà méje yìí, ká gbà á tọ́: ká ṣe ẹ̀dà tiwa, ká máa bójú tó o. Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

Ọ̀rọ̀ yìí mọ́gbọ́n wá. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni Harold gbọ́ níbẹ̀: wọ́n wà lórí ìwé, kò sẹ́nikẹ́ni nídìí wọn. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́wàá jẹun nídìí iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé nǹkan kan ṣoṣo ni gbólóhùn yìí ń jẹ́. Ó fò dìde.

"Òṣìṣẹ́ iwin!"

"Rárá sà, páálí ni mo—"

"Òṣìṣẹ́ iwin mọ́kàndínlógún, nínú Àjọ mi! Bàbá mi tó bí mi lọ́mọ máa ń wí pé, 'Harold, ohunkóhun tó bá wà lórí ìwé tí kò wà lórí ilẹ̀, olè ni!' Kúnlé, kọ ọ́ sílẹ̀! Kí wọ́n fojú hàn! Ẹni tí kò bá fojú hàn, kí orúkọ rẹ̀ kúrò!"

"Ọgbọ́n ńlá!" Bírò Kúnlé ti tún ń sáré.

Morádéyọ̀ ṣàlàyé, ó tún àlàyé ṣe, ó fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà. Asán ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ géètì, wọ́n sì lẹ irú rẹ̀ káàkiri títí dé Ìbefun. Mo ti ka ìwé náà pẹ̀lú ojú ara mi. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Gbogbo páálí tí kò ní ẹni nídìí gbọ́dọ̀ fara hàn fún àyẹ̀wò láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú fọ́tò pélébé méjì, ìwé ọjọ́ ìbí, àti lẹ́tà láti ìjọba ìbílẹ̀ tí páálí ti wá. Aṣojú kò sí láyè."

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Wọ́n ta tapólì sínú ọgbà, wọ́n gbé tábìlì mẹ́rin síbẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bo èyí tí Harold yóò jókòó sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Kúnlé dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbohùngbohùn pe orúkọ àwọn páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, bí ilé ẹjọ́ ti ń ṣe. Ewúrẹ́ kan dáhùn lẹ́yìn ògiri, ṣùgbọ́n kò ní fọ́tò. Ọjọ́ kejì náà lọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ni páálí dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Haneef, tó ń ra ògbólógbòó páálí bísíkíìtì àti ti ọṣẹ tó sì ń tà á fún àwọn tó ń kó ẹrù, gun ọ̀kadà wọlé láti Ìbefun. Ó di páálí mẹ́ta gìdìgbà sẹ́yìn ọ̀kadà náà. Òógùn bò ó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ fojú fo pípẹ́ tí mo pẹ́. Wọ́n ní ìjọba ń yẹ páálí wò, mo ní kí n má lọ rúfin. Ìyókù wà nílé o, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ò lè gbé e tán."

Kúnlé wo Harold. Harold wo páálí. Tapólì ti wà lókè fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ti pe akọ̀ròyìn, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó fojú hàn.

"Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni àwọn páálí yìí ti wá?" Kúnlé bi í.

"Odògbólú ni tiwa, ọ̀gá."

"Ṣé ẹni wà nídìí wọn?"

"Èmi rèé nídìí wọn! Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nídìí wọn, ìyàwó mi gan-an ń bínú."

Harold tẹ òǹtẹ̀ lé páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó bọ Haneef lọ́wọ́, akọ̀ròyìn ya fọ́tò, ọkùnrin náà sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Títí di òní, páálí ọṣẹ mẹ́ta ni Àjọ náà ní ìwé ẹ̀rí fún.

Ìròyìn àyẹ̀wò yìí dé etí Mátírọ́ọ̀nù Edith ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Àgbà obìnrin ni, òun ni olórí ilé ìlera ibẹ̀, ó sì mọ ohun tí ẹsẹ̀ tí ejò bù jẹ máa ń dà lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ó pe Harold.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú-òpó yẹn lásìkò yìí. Òjò ti dé, àwọn àgbẹ̀ ti ń roko, ejò ti jáde. Oògùn tèmi tán láti ọjọ́ Ajé. Ibẹ̀ nìkan ni mo gbójú lé."

"Màdáámù," ni Harold wí, "ṣé ejò ni yóò máa pàṣẹ fún ìjọba ni? Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ gbé e gba ọ̀nà tó tọ́."

Ó pe Morádéyọ̀, ó ní kó yọ àwọn iwin mọ́kàndínlógún náà kúrò. Obìnrin náà ní òun ò ní yọ onílà méje láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni. Kó tó pa ẹnu dé, ìwé kúèrì pé kó wá wí tẹnu rẹ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà Àjọ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò rántí gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ojú-òpó, wọ́n ní kó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí wọn yóò fi pè é. Ó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lé orúnkún, ó jókòó ti ìlà méje náà, ó tún un kọ dáadáa, ó fi ọjọ́ oríṣiríṣi dán an wò. Ó ń bínú, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Kúnlé ni wọ́n fún ní iṣẹ́ ìyọkúrò. Kúnlé mọ bí a ti ń tẹ lẹ́tà, ó sì gbàgbọ́ pé kò sí ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kọ̀ǹpútà. Ó ń yọ wọ́n, ó ń fi bírò pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé. Ohun tó ya gbogbo wọn lẹ́nu ni pé nǹkan kan kò bàjẹ́. Ìdí ni pé èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò níta, èyí tí wọ́n ti kó jọ, tí wọ́n ti kọ́ tán bí ilé tẹ́lẹ̀ ni. Àyípadà Kúnlé kò lè débẹ̀ àfi bí wọ́n bá tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi tún un kọ́.

Harold rí ìdí. Ó fẹ́ kí fọ́tò òun wà níwájú ojú-òpó náà kí ọjọ́ ṣíṣí tó pé.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Alámísì tí ayẹyẹ máa wáyé, Kúnlé ki fọ́tò bọ inú rẹ̀, ó ní kí ẹ̀rọ tún un kọ́. Ẹ̀rọ ké pé òun ò rí ohun tí ń ka ọjọ́. Kúnlé kò fẹ́ràn ariwo. Ó fi òfìfo dí àyè onílà méje náà, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ojú-òpó náà kò mọ ọjọ́ mọ́, ó sì ka gbogbo oògùn tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú sí èyí tó ti bàjẹ́. Bí o bá ṣí i, wàá rí Harold tó ń rẹ́rìn-ín, tó wọ fìlà, tó tóbi ju gbogbo ojú fóònù lọ. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ni orúkọ ilé ìlera mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà, wọ́n sì kọ ọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: Kò sí.

Gbọ̀ngàn kún. Arábìnrin Moṣọpẹ́ wá láti olú ọ́fíìsì Àjọ ní Abẹ́òkúta. Jẹ́jẹ́ ni obìnrin náà jókòó, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó wọ ìgò ojú. Harold dìde láti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Ó wà ní ojú ewé kẹfà, níbi tó ti ń sọ bí òun ti bá àwọn iwin wọ̀yá ìjà, nígbà tí fóònù Morádéyọ̀ dún lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Mátírọ́ọ̀nù Edith ni.

"Morádéyọ̀, kí lẹ ṣe sí nǹkan yẹn? Wọ́n gbé Bàbá Fátókí dé láti oko gbágùúdá, paramọ́lẹ̀ ló bù wọ́n jẹ. Ó ní kò sí níbikíbi! Mo ti ń pe àwọn ilé ìlera lọ́kọ̀ọ̀kan láti ogójì ìṣẹ́jú, àwọn kan ò gbé e, àwọn kan ní ojú-òpó ní tàwọn ti bàjẹ́, káwọn má lò ó!"

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, àgbàlagbà kan ń ké: "Dede ẹsẹ̀ mi, gbogbo ẹ̀ ló ń jó o! Ẹ gbà mí!"

Morádéyọ̀ sáré bọ́ sí iwájú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lábẹ́ apá. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n dá a padà. Ejò ti bu ènìyàn jẹ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀."

"Jókòó!" ni Harold wí sínú gbohùngbohùn. "Kúèrì rẹ ò tíì kúrò nílẹ̀. Kọ lẹ́tà!"

Moṣọpẹ́ ti ṣí ojú-òpó náà lórí fóònù rẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó fi ìka fa á lọ sókè, ó ka "Kò sí" láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yí sí Morádéyọ̀.

"Àbúrò, ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́jọ, mà."

"Ṣe é."

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn gùn. Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orí àga. Ó fi ẹ̀dà tirẹ̀ sí àyè onílà méje náà, ó dá àwọn yòókù padà, ó ní kí ẹ̀rọ tún un kọ́. Harold, ẹ ò ní gbàgbọ́, ń ka ojú ewé keje lọ. Ó sì ka kẹjọ. Nígbà tí Morádéyọ̀ pariwo "Odògbólú! Mẹ́rin wà ní Odògbólú!" sínú fóònù, ọkùnrin náà dúró, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn fún àtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Wọ́n gbé Bàbá Fátókí dé Odògbólú pẹ̀lú ẹ̀mí. Ó yè. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló bá a lọ, nítorí ogójì ìṣẹ́jú yẹn. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Moṣọpẹ́ kò padà sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ ọ́fíìsì Harold, ó bi í pé, "Dókítà, ta ló ń bójú tó ojú-òpó yìí?"

"Èmi ni bàbá rẹ̀."

"Mi ò béèrè bàbá rẹ̀. Ta ló ń bójú tó o?"

Harold dákẹ́. Inú ìdákẹ́ náà ni Kúnlé ti wí pé, "Ọgbọ́n ńlá!" Ó ti mọ́ ọn lára ni, kò mọ̀ọ́mọ̀.

Obìnrin náà ní kí wọ́n mú fáìlì ọ̀gá wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ètò kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta péré ló gba Harold síṣẹ́, ètò náà sì ti parí láti ọdún méje. Ẹ̀ka kan ló kó ètò yẹn wọlé, ẹ̀ka mìíràn ló sì kó ẹ̀ka yẹn wọlé. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ ti di òmíràn, ẹ̀ka kejì ti kógbá wọlé. Ọkùnrin tó fọwọ́ sí ìwé Harold ti fẹ̀yìn tì. Olú ọ́fíìsì kò mọ̀ pé ipò náà ṣì wà. Ẹnikẹ́ni kò pè é, ẹnikẹ́ni kò sì rántí láti lé e.

"Ṣùgbọ́n orúkọ mi wà lórí ìwé!" Ohùn Harold ti dín kù.

"Mo rí i, sà," ni Moṣọpẹ́ wí. "Fọ́tò yín wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí yín wà níbẹ̀. Ẹ dákun, ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe sílẹ̀ fún mi, àti ohun tó máa dúró tí ẹ bá kúrò. Ojú ewé kan ti tó."

Ọjọ́ mẹ́rin ni Harold fi kọ ọ́. Ó kọ oyè rẹ̀ tán, ìwé kún. Ó tọrọ ìwé kejì, ó kọ ìtàn ìdílé Ọ̀ṣuntóyìn láti ìgbà tí àwọn ìjọ kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú. Kò kọ iṣẹ́ kankan síbẹ̀. Ó pe Kúnlé pé kó wá jẹ́rìí òun, Kúnlé ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́: wọ́n ti fi òun sábẹ́ Morádéyọ̀, òun sì ń kọ́ bí wọ́n ti ń wá ìdí páálí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Moṣọpẹ́ fi bírò fa ìlà sórí ipò náà. Káfíńtà wá tú pákó méjèèjì kúrò lára ilẹ̀kùn. Wọ́n yọ fọ́tò. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Harold sì kó àwọn àwòrán rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó lọ sílé ní Ìmọ̀wó. Ó sọ fún Susannah ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé fóònù sítòsí, wọn yóò pe òun kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí Àjọ náà kò lè dúró láìsí òun.

Ọkàn Moṣọpẹ́ alára kò tíì balẹ̀. Ó ti rí ohun tí ìlà méje tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú lè ṣe, kò sì fẹ́ yọ nǹkan kan mọ́ láìwo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó pe Morádéyọ̀.

"Àbúrò, a ti yọ ọkùnrin yẹn. Bá mi wò ó dáadáa, kí ló bàjẹ́?"

Morádéyọ̀ wo ilé ìlera mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Mátírọ́ọ̀nù Edith, ó pe Odògbólú, ó wo ọjọ́ oògùn, ó tún un wò.

"Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́, mà."